Ṣọbají Kò Nírù

Lọ́jọ́ tí akéde gun orí àpótí láàárín ọjà Plófídífù, nílẹ̀ Bùlùgéríà tí àwọn Tọ́ọ̀kì ń ṣàkóso, tó kéde pé Sùlútánì ti pa ẹgbẹ́ ogun Jánísárì rẹ́, pé ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n sá sí kó wá sọ, òjé funfun ni Kalúdà ń fi bo inú ìkòkò bàbà lọ́wọ́. Àwọn kan ń fò sókè. Àwọn kan kọ́kọ́ wẹ̀yìn kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Kalúdà da omi síná, ó nu ọwọ́ sára yẹ̀rì onírun àgùntàn rẹ̀, ó gba ọ̀nà bárékè lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá, Ìdírísù Ágà. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu. Ọkùnrin náà ti lọ.

Ìdírísù ni Ṣọbají ìlú náà. Bàtà pupa ló máa ń wọ̀, pẹ̀lú fìlà funfun gíga tí ṣíbí onígi wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ oyè yẹn á rò pé ọ̀rọ̀ idà ni. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Ṣọbá ni àwọn Tọ́ọ̀kì ń pe ọbẹ̀. "Jí" tí wọ́n so mọ́ ọn dà bí "oní" tiwa. Ọlọ́bẹ̀ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sùlútánì ló ń bọ́ wọn, ìyẹn ni ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún ẹgbẹ́ fi di olórí ẹgbẹ́, tí ìkòkò wọn fi di àsíá wọn. Ní bárékè, wọ́n máa ń gbé ìparí oyè náà mì sọ́fun bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Ahọ́n àwọn ará Bùlùgéríà kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n so ìrù mọ́ ọn: Ṣọbajíyà.

Ìrù yẹn ló pa Vúlkò, bàbá Kalúdà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì wà, ó gbé ìkòkò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe dé ẹnu géètì bárékè, ó tẹrí ba, ó ní, "Ṣọbajíyà, ìkòkò yín rèé." Ìdírísù ní kó pè é dáadáa. Ó tún un pè, ìrù náà tún tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ogun bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Vúlkò, lòun náà bá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Ṣebí ọlọ́bẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀."

Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi pàṣán na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó máa pe oyè náà bó ṣe ń bà á. Kò rí i pè. Ẹsẹ̀ náà kẹ̀, Vúlkò kò sì rí ìkórè èso àjàrà ọdún yẹn. Kalúdà jogún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ.

Nígbà tí òtútù wọlé lẹ́yìn ìkéde náà, ẹnì kan ṣí ṣọ́ọ̀bù ọbẹ̀ ṣàkì sẹ́bàá afárá. Ó ní Sálíì lòun ń jẹ́. Ó fá irunmú, ó fá irùngbọ̀n, ó so aṣọ ìdáná mọ́dìí. Kalúdà lọ gba ìkòkò rẹ̀ láti tún un ṣe, ó sì rí bó ṣe ń na ìgbákọ síwájú gbọọrọ, bí ẹni tí àwọn ọmọ ogun tò síwájú rẹ̀. Ìdírísù ni.

Ta ló máa gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ obìnrin onígbàgbọ́ kò wúwo tó ti mùsùlùmí níwájú kádì, adájọ́ ìlú. Àfi kí ẹnu Ìdírísù fúnra rẹ̀ tú u. Kalúdà fi ìkòkò náà sọ́dọ̀, ó ń dúró.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ogun tuntun tí Sùlútánì fi rọ́pò Jánísárì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń rọ ọtí kíkan sórí ṣàkì. Ìgbà yẹn ni Kalúdà gbé ìkòkò náà dé.

"Ṣọbajíyà, ìkòkò yín rèé."

Ọkùnrin náà kò wojú rẹ̀. Kalúdà bá yíjú sáwọn oníbàárà, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ó ní Ṣọbajíyà kan wà nílùú yìí rí, omi gbígbóná ló ń bù fáwọn èèyàn ẹ̀, ìgbà tí ìbọn Sùlútánì sì dún, ó fi ìkòkò ẹgbẹ́ sílẹ̀ ó fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọrùn ọlọ́bẹ̀ pọ́n.

"Ṣọbajíyà yẹn," ni Kalúdà tún ní, "ìkòkò ọ̀hún kò tilẹ̀ mọ́."

"Ṣọbají," lọkùnrin náà wí. Ìparí ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀fun rẹ̀ lọ bíi ti bárékè. "Ṣọbají ni. Kò nírù."

Ọ̀gá náà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló kọ́ yín pè é báyẹn?"

"Ọlọ́bẹ̀ ni mí, ọmọ mi. Orúkọ iṣẹ́ mi ni."

"Ó dáa. Ẹ pè é bí ọjà ṣe ń pè é, kí n máa jẹun mi lọ."

Ọlọ́bẹ̀ la ẹnu. "Yà" kékeré ló kù, kò sí pàṣán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ó wo ìkòkò náà, ó wo Kalúdà, ó sì wá rí ojú Vúlkò lójú rẹ̀. Kò pe ìrù náà.

Kalúdà sún mọ́ ọn.

"Bàbá mi gbìyànjú jù yín lọ," ló wí.

Àwọn ọmọ ogun ọ̀gá náà mú un kọjá afárá, aṣọ ìdáná ṣì wà nídìí rẹ̀. Ọbẹ̀ ṣì ń hó lórí iná. Bàbá arúgbó kan tó ti ń dúró látàárọ̀ fi abọ́ kan tábìlì, ó ní ṣé ebi ni kó pa òun ni, Ṣọbajíyà dà?

Kalúdà mú ìgbákọ.

"Èmi rèé," ló dáhùn, ó sì bù ú kún fún un.