AA Ni Wọ́n Kọ Sínú Káàdì

Ọwọ́ ọmọ náà ló kọ́kọ́ wú. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, rò pé kòkòrò ló bù ú jẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ọmọbìnrin ọdún kan ààbọ̀ náà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun mọ́. Ìyá gbé e mọ́ra, ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Èsì jáde lọ́jọ́ kẹta: SS. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni.

Káfíńtà ni bàbá ọmọ náà. Ó ka èsì yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ tú àpótí tó ń kó ìwé sí, ó yọ káàdì jẹ́nótáìpù tó gbà nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣègbéyàwó. AA ni wọ́n kọ síbẹ̀. AS ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, ìyẹn ló sì fi ọkàn wọn balẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ ṣírò ó sẹ́yìn pákó kan. Òun ní A méjì. Ìyàwó òun ní A kan àti S kan. Ọmọ á mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ baba, á mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Ó tò ó: AA, AS, AA, AS. Ó pa á rẹ́, ó tún un tò. SS ò sí níbẹ̀. S kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wọn. Ta ló wá mú ìkejì wá?

Láti ọjọ́ náà lojú rẹ̀ ti yí padà. Á máa wo etí ọmọ, á máa fi wé tirẹ̀ nínú dígí. Ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi lọ kọ́ iṣẹ́ ní ìlú míì kó tó lóyún. Bí fóònù obìnrin náà bá dún, ọkùnrin yìí á dáwọ́ oúnjẹ dúró, á tẹ́tí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó fọ̀rọ̀ lọ̀ tún da epo síná: ó ní òun ti ń fura tipẹ́, pé ọmọ ọ̀hún ò jọ ẹnì kankan nínú ìdílé àwọn.

Télọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bóyá lábù ló pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun. Bóyá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ wà níbẹ̀. Nínú yàrá méjì péré, tọkọtaya ń ṣọ́ ara wọn bí ológbò ṣe ń ṣọ́ èkúté.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ padà wá, ọkọ tẹ̀ lé wọn lọ, kó lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wọ́n. Káfíńtà gbé káàdì sórí tábìlì, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun ṣírò ó lójú ìyàwó òun. Nọ́ọ̀sì ṣírò ó.

"Ìṣirò yín pé," ló wí. "AA àti AS, a kì í retí SS níbẹ̀."

Télọ̀ gbé ọmọ rẹ̀, ó dìde. Nọ́ọ̀sì dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó jókòó.

"Káfíńtà, bí ẹ bá wọn pákó, tí ẹ gé e gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n, tí ilẹ̀kùn ò sì wọlé, kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?"

"Téèpù tí mo fi wọ̀n ọ́n ni, mà."

"Ṣé ẹ ti yẹ káàdì yìí wò?"

Káfíńtà wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ibi tó ti ṣàyẹ̀wò, yàrá kékeré kan lẹ́bàá títì ni. Èèyàn tó lé ní ogójì ló tò síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín èsì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì lọ́tun. Ti ìyàwó jáde ní AS. Ti ọkọ náà jáde ní AS.

Ọkùnrin yìí ò gbà. Ó rò pé àwọn obìnrin méjèèjì ti gbìmọ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí lábù ńlá kan ní ìlú kejì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. AS ni wọ́n tún kọ fún un. Ó mú èsì náà, ó wọkọ̀ padà sílé.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú onítọ̀hún. Obìnrin náà ò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Ìwé tí ẹ ò mọ ẹni tó kọ ọ́ lẹ gbà gbọ́," ló wí. "Èmi tí a jọ ń gbé, ẹ ò gbà mí gbọ́."

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí ọ̀rọ̀ tó tún dán mọ́rán láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń ronú oyún míì, wọ́n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọkọ ní òun gbọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ló máa ń jẹ́ SS. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ti rí ti àwọn, mẹ́ta tó kù á yọ.

Nọ́ọ̀sì ní kí télọ̀ mú bọ́tìnnì wá nínú báàgì rẹ̀. Ó fi funfun kan, tó dúró fún A, àti dúdú kan, tó dúró fún S, sí àpò ọkọ, ó ṣe bákan náà fún ìyàwó. Ó ní kí kálukú mú ẹyọ kan láìwò. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà jáde: funfun méjì; funfun ọkọ pẹ̀lú dúdú ìyàwó; dúdú ọkọ pẹ̀lú funfun ìyàwó; tàbí dúdú méjì. Dúdú méjì yìí ni SS. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sápò.

"Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo oyún," ló wí. "Oyún kan ò mọ ohun tí èyí tó ṣáájú mú."

Wọ́n mú un lẹ́ẹ̀kejì, dúdú méjì ló jáde. Wọ́n mú un lẹ́ẹ̀kẹta, dúdú méjì náà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ má fi káàdì àtijọ́ ṣe ẹ̀rí. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yín níbi tó ṣeé fọkàn tán, kí ẹ sì tún un ṣe níbòmíì. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ewu tó wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ yòówù kí ẹ ti bí. Ẹ jẹ́ kí elétò ìlera là yín lọ́yẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Bí èsì ọmọ ò bá sì bá tiyín mu, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe kí ẹ tó fura síra yín. Ọmọ tó bá ti dé pẹ̀lú àìsàn yìí ò lẹ́bi, ìyá ò lẹ́bi, baba náà ò lẹ́bi. Ẹ fún un lómi mu dáadáa, ẹ fún un lóògùn rẹ̀ lásìkò, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá.