Tọ́ọ̀ṣì Màmá

Oòrùn ń ràn ganrínganrín níta, síbẹ̀ omi ń ro tótó lára ọmọge tó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù púlọ́ńbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀. Okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí aránṣọ ni. Púlọ́ńbà tó ń to páìpù sórí pẹpẹ gbójú sókè, kò sì rántí páìpù kankan mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nǹkan tó ń dá omi dúró!"

"Omi ibo?"

"Ti ilé ìdáná wa. Màmá mi ti fi àtàǹpàkò dí páìpù."

"Àtàǹpàkò nìkan?"

"Ṣé kí wọ́n fi imú dí i ni?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Ó fún un ní tépù funfun tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu páìpù. "Ṣé kí n bá yín dé ibẹ̀?"

"Háà, ẹ má dán an wò!" Bó ṣe sáré lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù tó bà á kò ṣàì nídìí. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo páìpù ilé wọn, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́yìn tí bàbá kú ni páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Púlọ́ńbà kan tí wọ́n pè yọjú wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín: "Dìndìnrìn wo ló ṣe èyí?" Bàtà ni Màmá fi lé e dé títì. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé púlọ́ńbà kankan ò ní wọ ilé òun mọ́. Abọ́ ń gbomi níbí, báàkẹ́ẹ̀tì ń gbomi lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin ló wá di alátùn-únṣe. Ó ń tún un ṣe, ó ń jò.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń padà wá ra tépù.

"Oníbàárà mi àtàtà, ṣé ẹ ń fi tépù yìí se ọbẹ̀ ni?"

"Ẹ tà á fún mi jàre, ọ̀gá aláwàdà."

Lọ́jọ́ kan, púlọ́ńbà fún un ní páìpù pé kó yí tépù mọ́ ọn kóun wò. Ó yí i bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ọkùnrin náà mi orí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i sí òdìkejì. "Ibi tí sípánà ń yí sí ni kí tépù kọrí sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ ṣe ń mú un le ló ń tú." Ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Ọwọ́ tí wọ́n dì mú ni kò tú títí oníbàárà mìíràn fi húkọ́.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n "oníṣòwò" ni ọmọge pè é fún Màmá.

"Títí dìgbà wo ni n ó máa jẹ́ oníṣòwò, ìfẹ́ mi?"

"Ẹ ní sùúrù. Bí Màmá bá kọ̀ yín, mi ò ní lè fẹ́ yín, ẹ sì mọ̀ pé mi ò lè fẹ́ ẹlòmíràn."

Gbogbo ibi tó ń jò ló tún ṣe tán, àfi oríkèé páìpù tó wà lókè ẹ̀rọ amómigbóná. Iṣẹ́ tí bàbá ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó já. Omi gbígbóná bo ilẹ̀. Ọmọge ò mọ̀gbà tó tẹ olólùfẹ́ rẹ̀ láago.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbé sípánà dé, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Oníṣòwò wo ló ń gbé sípánà káàkiri?"

Ọmọge kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Púlọ́ńbà ni. Òun sì ni mo fẹ́ fẹ́."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Mà. Bí mo bá sọ ohun tó dùn yín, ẹ nà mí."

Màmá yà fún un. Púlọ́ńbà pa iná, ó pa omi, ó tú oríkèé náà, ó rọra ń ṣí tépù kúrò. Ó wò ó pẹ́.

"Mà, ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá, àbí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Tépù yìí ni. Ọwọ́ òsì ló yí i báyìí. Wọ́n fara balẹ̀ ṣe é gan-an, Mà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yí i nípọn tó kó má baà jò. Páìpù wọn dára. Mi ò ní yọ ọ́, tépù nìkan ni n ó pààrọ̀."

Omi lé ròrò sójú Màmá. "Apá òsì ni mo máa ń gbé tíì rẹ̀ sí," ló sọ. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó wọ yàrá lọ. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Nígbà tó padà dé, tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lóṣòó ti púlọ́ńbà.

"Níbo ni kí n tàn án sí?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, Màmá."

Ó gbé e sókè. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lò ń wò? Dìde, lọ po tíì fún ọkọ rẹ. Apá ọ̀tún ni kó o gbé e sí."