Ó Tọ̀nà, Ìyá Àgbà

"Ó tọ̀nà, Ìyá àgbà," ni Àdììtú wí, láì gbójú sókè.

Ìyá rẹ̀ àgbà dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú na apá aṣọ funfun kan tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wọ̀. Bí ó bá lọ apá kan tán, á wọ́n omi díẹ̀ sí èkejì, á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan bí olùkọ́, á sì dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé ló mú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọmọ náà kò ju pé kó máa wo ìdáhùn nínú ìwé, kó sì sọ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ojú rẹ̀ wà nínú ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ló wà láàárín ìwé náà, eré àdììtú onínọ́ńbà ló sì wà lójú fóònù.

Wọn kò ṣèèṣì máa pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ní Àdììtú. Ibi tí nọ́ńbà bá ti lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà, ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti ń dùn. Ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń ta eré náà jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìjọ fi pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Àwọn ọ̀dọ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́ nítorí Olúwa. Ẹnì kan ní òun fi ṣúgà sílẹ̀, ẹnì kan ní òun fi òfófó sílẹ̀, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àdììtú ní òun kò ní fọwọ́ kan eré náà títí di Àjíǹde, ariwo àtẹ́wọ́ sì sọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ní ọjọ́ kejìlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún un pé ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn ti gba ipò kìíní nínú eré náà, ó sì ń sọ káàkiri pé Àdììtú kàn ń fi ààwẹ̀ bojú ni, pé ọpọlọ ló tán. Ọmọbìnrin náà ní òun á kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí olè tí kò kọ́kọ́ jalè lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì bí ojoojúmọ́, ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò sì ti lè ká a mọ́ ni yàrá ìlọṣọ, nítorí ìyá àgbà kò mọ̀wé.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá àgbà. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fọ aṣọ àlùfáà àti ti akọrin, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe ìrìbọmi. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Bí àwọn yòókù bá ń lọ jẹ Ara Olúwa, á máa wo aṣọ tó lọ̀ bí ó ti ń lọ síwájú láìsí òun. Lọ́dún yìí ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyà ti mú un lójú ọ̀nà tó fi ní láti jókòó sílẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ kí aṣọ tí òun ń fọ̀ mọ Olúwa ju òun lọ. Àárọ̀ Àjíǹde nìkan ni wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún àgbàlagbà ní ìjọ náà. Ogójì ìbéèrè ló wà nínú ìwé. Ẹni tí kò bá yege lójú àwọn alàgbà, ó di àmọ́dún.

"Orogún mi," ni ìyá àgbà pe Àdììtú, nítorí bó ṣe máa ń bá a ṣeré nìyẹn, "àwọn méjì yìí ló ń ta mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Júdásì ló sẹ́ Jésù, tó sunkún, tí Olúwa sì gbà á padà. Pétérù ló lọ so. Àbí báwo?"

Ó ku nọ́ńbà kan kí eré náà parí, àkókò sì ń lọ.

"Ó tọ̀nà, Ìyá àgbà."

Láti ọjọ́ náà, bí áyọ́ọ̀nù bá ti ń lọ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ń tún un wí, títí ó fi dúró gbagidi lórí rẹ̀ bí aṣọ tó mu sítáàṣì.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méje ló fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Àwọn alàgbà jókòó síwájú, ẹbí àti ojúlùmọ̀ kún orí àga. Ìyá àgbà dáhùn àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ wéré, ó tilẹ̀ ń mi orí sí i. Ìgbà náà ni olùkọ́ ìjọ béèrè ẹni tó sẹ́ Olúwa nígbà mẹ́ta, àti bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí.

"Júdásì ni, Sà. Ó sunkún, Olúwa sì gbà á padà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Olùkọ́ rọra ní kí ó tún un rò.

"Mo ti rò ó, Sà," ni ìyá àgbà wí. "Ẹni tó ń kọ́ mi mọ̀wé. Kò lè ṣì mí lọ́nà."

Wọ́n bi í ní mẹ́rin sí i, ó ṣi mẹ́ta. Gbogbo àṣìṣe náà ló fi ìgboyà sọ, bí ẹni tí wọ́n ti bá fọwọ́ sí i. Alàgbà kan fi fìlà bo ẹnu. Olùkọ́ wá yíjú sí Àdììtú, ó bi í bóyá wọ́n jọ ń ka ìwé náà. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Olùkọ́ ní ṣé ìyá mọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí nílé?

Gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Òtítọ́ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Wọ́n máa ń gbàgbé, Sà," ló wí. "Ọjọ́ orí ni."

Ìyá àgbà yíjú, ó wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí àbàwọ́n wà lára aṣọ. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà. Orí mi ti di ajere. Ẹ má bá ọmọ wí."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ohun tó gbóná jù lára Àdììtú ni pé ẹ̀sín náà kì í ṣe ti ẹni tó rù ú. Tirẹ̀ ni, ìyá àgbà ló gbà á rù fún un. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ẹ̀yìn ni ọmọ náà ń tọ̀, kò lè bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó aṣọ ìrìbọmi wá kí ìyá àgbà lọ̀ wọ́n. Mẹ́fà ni. Ó tẹ́ èkíní sórí tábìlì, ó fẹ́ eérú kúrò lára áyọ́ọ̀nù, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Àdììtú kò lè fara dà á nígbà tó kan aṣọ kẹta. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mi ò gbọ́ yín. Eré ni mò ń ta lórí fóònù."

Ìyá àgbà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Fóònù inú ìwé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mo rò pé ibẹ̀ lo ti ń wo ìdáhùn ni. Mo tilẹ̀ ń fi ọ́ yangàn láàárín ẹgbẹ́, pé ọmọ mi ń fi fóònù wo ìwé."

Ẹkún gbọn Àdììtú. Ìyá àgbà kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó ní ó dun òun, kì í sì í ṣe ẹ̀rín àwọn èèyàn ló dun òun jù, bí kò ṣe pé ọmọ òun ló ní òun máa ń gbàgbé. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé:

"Àwọn méjì yẹn, èwo ló wá padà nínú wọn?"

"Pétérù ni, Mà."

"Ó dáa. Èyí kò tún lè jáde lórí mi mọ́. Ìwọ náà, padà síbi tí o ti sọ ọ́."

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn àdúrà, Àdììtú bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó dúró síwájú àwọn èèyàn kan náà. Ó sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ni òun fi pa ẹ̀jẹ́ òun mọ́, pé òun ń fi "ó tọ̀nà" dáhùn ohun tí òun kò gbọ́, àti pé ìyá àgbà òun kò ṣi ohunkóhun bí kò ṣe pé ó gbẹ́kẹ̀ lé òun. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin tó gba ipò kìíní wà níbẹ̀, ó wolẹ̀.

Àwọn alàgbà bọ ìyá àgbà lọ́wọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́fà ti lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé rẹ̀ sì ti padà dé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìkeje kún un.

Ní àárọ̀ Àjíǹde, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Omi ń kán lé àwọn èèyàn mẹ́fà lórí, ìyá àgbà sì ń kọrin pẹ̀lú ìjọ, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Àdììtú kò lè kọrin. Ó dorí kodò, ó sì rí i pé bí òun ṣe ń dá ìyá àgbà lóhùn ní gbogbo Lẹ́ńtì ni òun ṣe ń dá Ọlọ́run lóhùn: ẹnu wà níbẹ̀, etí kò sí níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbàdúrà tí kò mọ bí yóò ṣe parí rẹ̀. Kò ṣèlérí ohunkóhun fún Olúwa. Ó kàn ní kí Ó má jẹ́ kí òun tún parọ́ fún Un.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá àgbà béèrè bóyá ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìwé padà.

"Òní ni, Mà," ni Àdììtú wí.

Ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, má ṣe dúró de ìdánwò ńlá. Kékeré ló máa ń dé, á ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun fẹ́. Bí o bá ṣubú, yára padà, nítorí Olúwa ń gba ẹni tó bá padà. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í kó omi tó ti dà nù padà sínú agbè. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìgbàkúùgbà tí ìyá àgbà bá dúró lójú ọ̀nà tó gbé ọwọ́ lé àyà, Àdììtú á dúró tì í, á sì máa ka iye oṣù tó kù sí Àjíǹde.