Ẹni Tó Ti Bá Wa Ṣètò Ìrìn Òkè

Nígbà tí mo pe Yacoubou, afọ̀nàhanni, lórí fóònù pé kó mú wa gun òkè lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ẹnì kan ti wá sọ fún òun lánàá.

"Ta ni?" Èmi àti Hakim, ọkọ mi, nìkan la mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú la máa lọ, òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo pè é yẹn la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò sí i.

"Ọmọbìnrin kan tó wọ káàkì ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ń bọ̀. Ó ní kí n mú okùn dání, pé àpáta yẹn ń yọ̀."

Oṣù kẹjọ la wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi.

Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi tí a fẹ́ lọ wà lẹ́yìn àwọn oko kajú ní apá Lougba. Ibẹ̀ ni Mouniratou àbúrò mi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ lọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí kò sì padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. A wá a títí, a ò rí òkú rẹ̀. Lọ́dún yìí ni ẹsẹ̀ ìyá wa kò gbé e mọ́, ló bá pè mí.

"Chakirath, lọ kírun sí ọmọ mi lára níbi tó wà. Mi ò fẹ́ kú kí n tó gbọ́ pé wọ́n ti kírun sí i."

Hakim ní ká jáwọ́. "Ta ló rán ọmọ yẹn sí Yacoubou?"

"Ẹni yòówù kó rán an, màá lọ."

Ṣùgbọ́n èmi àti Hakim ò mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Thècle ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ Mouniratou ni, ó ti di olùkọ́ ní Bobè báyìí. Òun ló wá sọ fún wa nígbà náà pé ṣe ni Mouniratou dá rìn lọ kúrò láàárín wọn. Mo lọ bá a. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní alùpùpù òun ti bàjẹ́.

"Ti Hakim á gbé wa," ni mo wí. Mi ò dìde títí tó fi gbà.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé a ti wá di mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Yacoubou ń dúró dè wá nísàlẹ̀ òkè. "Ọmọbìnrin yẹn ti ṣáájú yín," ló wí, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ láìsí bàtà. A tẹ̀ lé e gòkè. Omi ń hó lókè bí òjò lórí páànù. Ojú ẹsẹ̀ náà lọ tààrà títí dé etí àpáta, ó sì parí síbẹ̀.

Thècle jókòó sílẹ̀ lójijì.

"Ẹ̀gbọ́n, kò dá rìn. Èmi ni mo fà á débí. Nígbà tó yọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ti ń fà mí lọ. Mo já ọwọ́ mi gbà."

Mo fẹ́ gbá a létí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣe àlùwàlá, Hakim síwájú, a kírun. Yacoubou fi okùn di Thècle mọ́ ara rẹ̀ kó má baà ṣubú, nítorí ẹkún ò jẹ́ kó ríran.

"Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún ìyá mi," ni mo wí nígbà tí a ṣe tán.

"Lónìí ni," ló dáhùn. Kò sì yẹhùn.

A dé ilé ìyá wa ní Bantè kí wọ́n tó pe ìrun àlàásàrì. Òjò ò rọ̀ níbẹ̀ rárá. Eruku ló wà lágbàálé. Ìyá wa jókòó nínú yàrá. Thècle kúnlẹ̀, àmọ́ kó tó lanu, ìyá wa gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ó ti sọ ọ́ fún mi."

"Ta ni, Màmá?" ni mo bi í.

Ó nawọ́ sí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó rin gbingbin, ó tutù bí omi àpáta.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni," ni ìyá wa wí.