Ife Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Iná

Káfíńtà mọ ife amọ̀ kan tán, ó rẹwà bí ẹyin àdàbà, ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Inú bí olùkọ́ amọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí ilé ìwòsàn gbà láti máa kọ́ àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ní ìkòkò mímọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ife yẹn fi ṣe yín?"

"Ṣebí iná lẹ fẹ́ gbé e sí," ni ọkùnrin náà fèsì láìgbójú sókè. "N kò ní fún iná ní nǹkan kan mọ́."

Ìbínú olùkọ́ rọ̀. Iná ló jó ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí, ó sì jó àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn.

Olùkọ́ ń jókòó tì í lójoojúmọ́. Bí ọkùnrin náà ti ń mọ ife ló ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, bó ṣe máa ń kó ìṣó sẹ́nu tí á tún máa kọrin. Ẹ̀rín dé. Ìfẹ́ tẹ̀ lé e.

"Amọ̀ wà nímú ẹ," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ẹ fẹ́ tẹ èmi náà pẹlẹbẹ ni?"

"Ìwọ kọ́. Ìwọ, mo fẹ́ fi pamọ́."

Bàbá ọmọbìnrin náà gbọ́, ó fárígá. "Ẹni tó ń fi amọ̀ ṣeré bí ọmọdé, tó ń sá fún iná sítóòfù? Kó dúró níwájú iná lójú mi ná, kí n tó fọmọ fún un."

"Bàbá, èèyàn kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fi ìka lù wò kí wọ́n tó rà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wọ yàrá Màmá láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, ta ló dán yín wò?"

Bàbá bojú wo ilẹ̀kùn yàrá Màmá.

Tìbínú tìbínú ni ọmọbìnrin náà fi dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ó ro ohun tí bàbá wí fún un. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹ kò bá ní dáná láéláé, oúnjẹ tútù ni n ó máa jẹ."

"Títí ayé? Ìfẹ́ yìí mà pọ̀ o."

Ọkùnrin náà mọ ife olétí méjì. Kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e sínú ààrò, ó ṣáná sí i fúnra rẹ̀.

"Kì í ṣe nítorí bàbá ẹ. Ó ti sú mi láti máa pa ohun tí mo bá bí."

Ife náà jáde, pupa, kò sán. Ó bu omi sí i.

"Etí kan tèmi, etí kan tìẹ."

"Bó bá fọ́ ńkọ́?"

"A ó jọ mọ òmíràn."

Wọ́n jọ dì í mú, wọ́n mu omi inú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n rí bàbá lẹ́nu ọ̀nà, tó ti bọ́ fìlà sọ́wọ́.

"Amọ̀ yẹn," ni bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé ó kù fún èmi náà?"