Kí Ẹnikẹ́ni Má Gbẹ́ Ilẹ̀ Yìí

Ọmọ náà jẹun alẹ́, ó rẹ́rìn-ín, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Bernadette bí fún Marcellin lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Kí ó tó kú, itọ́ funfun ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ní Oko-Akarè, ikú tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wá ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Ẹfúnwùmí ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó bá àdàbà mélòó kan tó kú síwájú ilé rẹ̀, lẹ́bàá omi tó fi ń po epo. Ìyẹ́ wọn nà sílẹ̀ gbalaja. Opó ni Ẹfúnwùmí. Ọkọ rẹ̀, Fábọ̀dé, ni ẹ̀gbọ́n Marcellin, inú iyàrá tí obìnrin náà ń sùn ni wọ́n sì sin ín sí, bí wọ́n ti ń sin àwọn àgbà ilé wọn. Lálaalẹ́, kí ó tó tẹ́ ẹní, á fi ọwọ́ nu ilẹ̀ náà, á ní, "Bàbá Murielle, ó dàárọ̀ o."

Ó fẹ́ gbá àwọn ẹyẹ náà dànù, àmọ́ Fàdílátù tó ń lọ pọnmi ti rí wọn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyá Murielle, àlejò yín rèé? Àbí wọ́n ti ìpàdé dé, oorun gbé wọn lọ?"

"Fàdílátù, ẹyẹ ló kú. Ṣé ẹyẹ kì í kú ni?"

"Ó ń kú. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé ẹni tó ń kú sí."

Kí ọjà tó tú, ọ̀rọ̀ ti dé Ikpinlè. Wọ́n rántí pé àgbàdo ọdún tó kọjá kò gbó. Wọ́n rántí pé Bernadette pẹ́ kí ó tó lóyún. Ọrùn opó ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ẹbí péjọ sí àgbàlá Ògúnkọ̀yà, olórí ilé. Wọn kò pe Ẹfúnwùmí, ṣùgbọ́n ògiri kan péré ló là wọ́n láàárín, ó ń gbọ́ wọn. Òwìwí ké lórí igi odán.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Marcellin wí. "Opó náà ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Inú ilẹ̀ iyàrá rẹ̀ ni igbá rẹ̀ wà," ni Ògúnkọ̀yà dáhùn. "Bí a bá hú igbá àjẹ́, agbára rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó gbẹ́ ilẹ̀ náà."

"Bàbá, Fábọ̀dé ńkọ́? Ibẹ̀ lòun náà wà," ni ẹnì kan béèrè.

"Fábọ̀dé á yẹ̀ fún wa."

Ẹfúnwùmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ ló ń sunkún lé lórí. Egungun ọkọ rẹ̀ ló ń rò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ fún Marcellin. "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín lẹ fẹ́ fi ọkọ́ kàn yẹn o."

"Má pè mí lọ́kọ. Ọmọ mi dà?"

Ẹfúnwùmí dìde. Ó wá Murielle, ọmọ rẹ̀, lọ sí Adja-Ouèrè níbi tó ti ń ránṣọ.

"Ìyá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ fi ilé sílẹ̀ fún wọn."

"Bí mo bá kúrò, ta ni yóò ṣọ́ bàbá rẹ?"

Murielle kán òwú, ó gbé aṣọ sílẹ̀. Ó mọ àvókà kan, agbẹjọ́rò tó máa ń kó aṣọ wá rán lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló bá wọn kọ ẹ̀bẹ̀ sílé-ẹjọ́. Sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, gbé ìyá àtọmọ lọ sí Pobè nínú eruku. Adájọ́ obìnrin kan ló gbọ́ wọn. Ó ń sọ Faransé, akọ̀wé ń túmọ̀.

"Ìyá, ẹ ní kí n dá àwọn ènìyàn dúró kí n tó gbọ́ tẹnu wọn. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Bí wọ́n bá ba iyàrá jẹ́, tí ẹ wá jàre lẹ́yìn náà, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò ní àtúnṣe?"

"Ìyáàfin, ilé ṣe é tún kọ́. Ọkọ mi kò ṣe é tún sin. Bí ọkọ́ bá fọ́ egungun rẹ̀, tí mo jàre lọ́la, kí ni wọn yóò fi san án fún mi?"

Adájọ́ gbé bíìrò. Ó pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ iyàrá náà, kí ará ilé Marcellin má sì kọjá ààlà àgbàlá opó náà, títí òun yóò fi gbọ́ ìhà méjèèjì.

Lọ́jọ́ ọjà, wọn kò dúró de ọ̀sán. Marcellin ti ti Ẹfúnwùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti la ilẹ̀ níbi orí Fábọ̀dé, nígbà tí alùpùpù kan dúró lójúde. Fiacre ni, wísíyè tó ń jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹjọ́, ìwé àṣẹ adájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí ló kan ìwé pẹ̀lú àjẹ́?"

"Èmi ò mọ àjẹ́. Ọkọ́ ni mo mọ̀. Gbé e sílẹ̀, àbí kí n lọ pe sọ́jà wá?"

Marcellin gbé e sílẹ̀. Ẹfúnwùmí bu amọ̀, ó fi dí ojú ọgbẹ́ ilẹ̀ náà, bí ẹni ń fi oògùn sí orí ọmọ.

Nígbà tí adájọ́ pe ìhà méjèèjì, Ògúnkọ̀yà ní, "Bí ẹ bá dá wa dúró, tó tún pa ọmọ mìíràn ńkọ́?"

"Bàbá, n kò dá àjẹ́ lẹ́jọ́ lónìí. Mi ò fẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ kí òótọ́ tó dé ni." Ó ní kí àṣẹ náà dúró títí ẹjọ́ gan-an yóò fi parí.

Ilẹ̀ iyàrá sinmi. Ẹfúnwùmí kò sinmi. Kò sẹ́ni tó ra epo rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kí ọmọdé, ìyá ọmọ á fà á mọ́ra.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Láàárọ̀, Ẹfúnwùmí dúró lẹ́yìn pèrègún tó pààlà àgbàlá wọn, ó ń wo Bernadette tó ń fẹ́ irúgbìn àgbàdo tí wọn yóò gbìn. Díẹ̀ dà sílẹ̀. Àwọn adìẹ sáré ṣà á jẹ. Kò pẹ́, ọ̀kan ta gìrì, ó ṣubú. Òmíràn tẹ̀ lé e, ìyẹ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ gbalaja. Bernadette wò wọ́n. Ó gbójú sókè, ó wo ìdí omi epo Ẹfúnwùmí, níbi tí gbogbo ẹyẹ àdúgbò ti ń mumi. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Oògùn òwú ni! Oògùn òwú tí mo pò mọ́ irúgbìn nítorí kòkòrò! Òun náà ló pa àwọn àdàbà yẹn!"

Marcellin jáde. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àká ti gbẹ, ọmọ ń sunkún ebi. Mo bu díẹ̀ nínú irúgbìn. Mo fi omi ṣàn án dáadáa, mo sè é. Kò pọ̀, òun nìkan ni mo fún. Mo rò pé omi á wẹ̀ ẹ́ nù. Èmi ni, Marcellin. Ọwọ́ mi ni."

Marcellin jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Bernadette sáré dé ìdí pèrègún, ó dúró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níhà tirẹ̀. "Ìyá, mi ò lè wọlé wá bẹ̀ yín. Ìwé ní kí n má wọlé."

Bí Ẹfúnwùmí bá yí padà wọlé, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ó rántí ojú ọgbẹ́ ilẹ̀ náà tó fi amọ̀ dí. Ó rántí ọmọ náà pẹ̀lú, bó ṣe máa ń fi ìka tọ́ epo gbígbóná wò, tí á sì sá lọ.

Ó fi ọwọ́ ya pèrègún, ó kọjá.

"Ìwọ ni ìwé náà dè, Bernadette. Kò dè mí."

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí Bernadette lé itan ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti kú, àjẹ́ ni gbogbo ilé ń wá. Kò sẹ́ni tó ráyè sunkún ọmọ náà. Àwọn méjèèjì ló wá bẹ̀rẹ̀.