Ìdí Tí Rìmóòtù Mùríìdì Fi Kọ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Tchaada, Màmá Ràfátù á ti gbé àwọn àpò gàrí rẹ̀ síwájú mọ́tò Mùríìdì ọmọ rẹ̀. Á jókòó lórí àpótí, á fẹ̀yìn ti mọ́tò náà, á máa so ẹnu àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá so wọ́n tán, Mùríìdì á kó wọn sẹ́yìn mọ́tò, ó di ọjà Igolo. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ìyá àti ọmọ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò tí à ń wí yìí kì í ṣe ọmọdé. Jíà ọwọ́ ló ní, bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́ta. Mùríìdì kò tún un ṣe, nítorí àwọn awakọ̀ Igolo ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń kọ́ ara wọn. Bí o bá fẹ́ páàkì, fi mọ́tò sí jíà kìíní, pa á, kí o sì ti òkúta bọ abẹ́ táyà. Kò ní lọ síbì kankan. "Jíà kìíní ni bíréèkì wa," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún wọn, àfi ìgbà tí Mùríìdì lọ ra rìmóòtù.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, òdìkejì ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń tà á. Èèyàn á wà nínú ilé, á tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò á sì tàn níta. Mùríìdì ní nígbà ọyẹ́, kí òun tó kírun àárọ̀ tán, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ míì ni pé ó fẹ́ kí ẹnu ya àwọn èrò Igolo. Ta ni kì í fẹ́ gbayì?

Àdìsá, tó ń tún rédíò mọ́tò ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀, ló bá a so ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùríìdì tẹ bọ́tìnnì. Mọ́tò kàn ń ṣẹ́jú iná, kò tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò fi ń ro ó. Ó bá gbé mọ́tò padà lọ bá Àdìsá.

"Bọ́n, mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n," ni Àdìsá wí. "Wáyà bíréèkì ọwọ́ ni ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bíréèkì yín ti kú, àbí?"

"Ó ti kú tipẹ́."

"Ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ kí n fọgbọ́n sí i."

Ó gé wáyà náà, ó so ó mọ́ irin ara mọ́tò, kí ẹ̀rọ náà lè máa rò pé bíréèkì wà lókè ní gbogbo ìgbà. Ó yọ jíà kúrò ní kìíní sí àárín, ó ní kí Mùríìdì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì dún. Inú Mùríìdì dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Màmá Ràfátù ti so àpò méjì kí òtútù tó mú un. Ó dìde lórí àpótí, ó wọlé lọ mú ìborùn. Mùríìdì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tẹ bọ́tìnnì láti orí ẹní ìkírun. Mọ́tò fò síwájú. Ó gun òkúta kọjá, ó run àpótí wómúwómú, ó sì gbá àwọn àpò mọ́ ara ògiri. Gàrí fọ́n ká gbogbo àgbàlá.

Màmá jáde pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Ó kàn ń wo igi àpótí tó ti fọ́.

"Mùríìdì," ló wí, "orí ẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò nísinsìnyí."

Láti ọjọ́ náà, ọlọ́kadà ló ń gbé Màmá àti gàrí rẹ̀ lọ sí Igolo. Bó bá ń kọjá nínú àgbàlá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń gbà, kó má bàa sún mọ́ mọ́tò ọmọ rẹ̀. Ó dun Mùríìdì wọ egungun. Ó pe Àdìsá lórí fóònù.

"Ẹ̀yin lẹ gbàgbé jíà," ni Àdìsá wí. "Ẹ ṣáà máa rántí fi í sí àárín."

Mùríìdì gbà bẹ́ẹ̀. Ó bẹ Màmá, ó ní òun ò ní gbàgbé mọ́ láé. Ọlọ́kadà náà ni Màmá tún pè.

Fàúzíyàtù, ìyàwó rẹ̀, ìyá Sàdátù, ni ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ lọ́rùn. Ó lọ pe Ọyakẹ́mi wá láti Ifangni. Àjàṣẹ́ ni obìnrin náà ti kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò, patírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n ń pè é, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó fọwọ́ kan nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, ó wá tẹ̀ ba sábẹ́ ìdarí mọ́tò.

"Ta ló so wáyà yìí mọ́ irin?"

"Àdìsá ni, patírọ́ọ̀nù," ni Mùríìdì wí. "Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́, ló fi tún un ṣe."

"Kò tún un ṣe. Ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́ nígbà tó kọ̀ fún yín. Ó bi mọ́tò léèrè pé ṣé bíréèkì wà lókè, mọ́tò ní rárá. Ìyẹn ló ṣe kọ̀. Ẹ̀yin lẹ wá kọ́ mọ́tò ní irọ́ pípa." Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tan mọ́tò, ṣé ẹsẹ̀ yín kì í kọ́kọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀?"

"Ó máa ń tẹ̀ ẹ́."

"Rìmóòtù ò lẹ́sẹ̀. Bí jíà bá ti wọlé, bó ṣe ń tan mọ́tò náà ni mọ́tò á máa rìn."

"Ṣùgbọ́n mo ti ń rántí! Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti ń fi í sí àárín."

"Ó dá yín lójú pé àárín ló wà báyìí?"

"Ó dá mi lójú."

"Dakọ́ọ̀, ó dáa. Ẹ lọ jókòó níbi tí Màmá máa ń jókòó sí. Ìyá Sàdátù, ẹ gba rìmóòtù, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mùríìdì lọ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò. Fàúzíyàtù di rìmóòtù mú. Màmá Ràfátù yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Irin mọ́tò tutù lẹ́yìn Mùríìdì. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé kì í ṣe òun ló wa mọ́tò kẹ́yìn. Àbdùlàzéèzì, àbúrò rẹ̀, ló fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko lánàá.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Ó fò dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó di jíà mú. Jíà kìíní ni. Òkúta sì wà lábẹ́ táyà bó ṣe yẹ.

"Ta ló kọ́ àbúrò yín ní mọ́tò wíwà?" ni Ọyakẹ́mi béèrè.

"Èmi ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ọyakẹ́mi fi orí wáyà bátìrì hàn án. Ó ti yọ ọ́ nígbà tó ṣí iwájú mọ́tò. "Kò lè tàn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ sáré dìde. Màmá náà ò mọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń so gàrí."

Mùríìdì dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Ojú tì í, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Dìde," ni Màmá wí. "Mi ò bínú sí ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Patírọ́ọ̀nù, ẹ yọ rìmóòtù náà," ni Mùríìdì wí. "Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi wá ẹni tó lè tún bíréèkì ọwọ́ ṣe."

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní mọ́tò jíà ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ má so rìmóòtù tó ń tan ẹ́ńjìnnì mọ́ mọ́tò tí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá máa so ó rárá, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ni kó so ó, kó sì fi èyí tó ń mọ̀ bí jíà bá wà ní àárín sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ẹ ti páàkì, ẹ̀rọ tó dára gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tan mọ́tò, nítorí ẹni náà lè ti fi mọ́tò sí jíà. Bó bá kọ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà kó lè gbà. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó máa rántí, nítorí ẹlòmíì lè wa mọ́tò náà lẹ́yìn yín.

Rìmóòtù kò lójú tí yóò fi rí ẹni tó jókòó síwájú mọ́tò. Ẹ̀yin lẹ lójú. Ẹ lọ wo iwájú mọ́tò yín kí ẹ tó tan án.